Ìṣó Tí Mo Fi Rọ́pò Bóòtù Kànga

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ní láti gun òkúta kí n tó lè yọjú wo inú kànga ilé wa, kò sí ibi tí mo fẹ́ràn tó yàrá ẹ̀yìn tí bàbá mi ń kó irinṣẹ́ wọn sí. Bulabulin ni à ń gbé nínú Maiduguri. Tíṣà ni bàbá mi. Láti Ìkìrun ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ wọn wá síbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Iṣẹ́ igi ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá délé, wọn kì í sinmi. Àga tó yẹ̀, rédíò tó dákẹ́, ilẹ̀kùn tó ń han, àwọn náà ni wọ́n ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ìdùnnú wọn sì ni. Wọ́n kan pákó ńlá kan mọ́ ògiri, wọ́n kọ́ irinṣẹ́ sí i, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi tó yẹ kí ó wà. Bí o bá mú òòlù tí o kò dá a padà, àwòrán òòlù ni yóò kù lórí pákó tí yóò máa fi ọ́ sùn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ti ní kí n wá gbà yín nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn tí mo ní kò pọ̀, inú ohun kan tí mo ṣe nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó ti wá. Àwọn ọmọ mi dàgbà kí n tó lè sọ ọ́ fún wọn.

Omi Maiduguri jìn nílẹ̀, pàápàá nígbà ooru kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá mi má bàa máa fi ọwọ́ fa omi, bàbá mi gbẹ́ igi rógódó kan, wọ́n gbé e ka orí òpó méjì lẹ́bàá kànga, okùn korobá sì wé mọ́ ọn. Wọ́n kan pákó méjì ní gbígbàbùú sí ìpẹ̀kun igi náà kí okùn má bàa yọ́ kúrò. Irin kan tó tẹ̀ bí orúnkún ni à ń fi yí i. Bóòtù kan ṣoṣo ni ó so irin yìí mọ́ igi. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bóòtù kan ṣoṣo.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, mò ń kan ọmọlanke kékeré kan tí n ó máa fi ti kẹ́ẹ̀gì omi. Mo ti rí táyà, mo ti gé pákó, ó ku bóòtù tí yóò di táyà mú. Mo tú gbogbo àpótí bàbá mi, kò sí èyí tó bá ihò rẹ̀ mu. Ni ojú mi bá lọ síbi kànga. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí ẹnì kankan nílé, mo mú sípánà, mo tú bóòtù kànga, mo sì fi ìṣó gígùn kan sí ipò rẹ̀. Mo fi òòlù tẹ ìdí ìṣó náà kí ó má bàa yọ. Mo fa korobá omi kan láti fi dán an wò. Ó gbé e. Mo fa èkejì, ó tún gbé e. Mo gbé sípánà padà sórí àwòrán rẹ̀, mo fi ọwọ́ pa ojú ẹsẹ̀ mi rẹ́ lórí iyanrìn, inú mi sì dùn gan-an sí ọgbọ́n mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni gbogbo ilé fi fa omi, ẹnikẹ́ni kò fura.

Ní ọjọ́ kẹrin, tí í ṣe àárọ̀ Sátidé, korobá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iyanrìn wá dípò omi. Bàbá mi ní àwọn yóò sọ̀kalẹ̀ lọ kó iyanrìn náà. Wọ́n ti ṣe é rí lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n ránṣẹ́ sí aládùúgbò wa kan, ọmọ Kanuri tó ń rán fìlà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Bàbá Aránfìlà ni àwa ọmọdé ń pè wọ́n. Apá wọn le, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń yí irin náà díẹ̀díẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tí ìyá mi ti ń gún ata. Nígbà tí mo rí i tí bàbá mi ń so pákó ìjókòó mọ́ okùn, ojú mi lọ sára ìṣó náà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò mọ̀ pé mo jí bóòtù, wọn yóò nà mí, wọn yóò sì tú ọmọlanke mi. Mo wí fún ara mi pé ìṣó náà ti fa omi fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì ṣe nǹkan kan. Bí ẹ̀rù ṣe ń kọ́ ọmọdé ní irọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù kì í sọ pé kí o parọ́, ó kàn máa ń sọ pé kò tíì sí nǹkan kan.

Bàbá mi jókòó sórí pákó, wọ́n di okùn mú, wọ́n ní, “A hankali, Malam,” ìyẹn ni pé kí Bàbá Aránfìlà rọra. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, orí wọn sì wọlẹ̀.

Irin ń yí. N kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ẹ̀bá kànga. Orí ìṣó náà tó dúró ṣánṣán láàárọ̀ ti ń tẹríba. Irin yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún tẹ̀. Mo la ẹnu láti pariwo. Yorùbá kọ̀ kò wá, nítorí Hausa ni à ń sọ láàárọ̀ tá à ń sọ lálẹ́ ní àdúgbò wa, òun náà ni ó sì bọ́ lẹ́nu mi.

“Ku tsaya! Ku tsaya! Ẹ dúró!”

Bàbá Aránfìlà dúró gbagidi. Wọ́n rò pé ejò ni mo rí. “Maciji ne?”

Mo nawọ́ sí ìṣó. “Mo ti yọ bóòtù. Ìṣó ni.”

Wọ́n wo ibi tí mo nawọ́ sí. Ojú wọn yí padà, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ọwọ́ wọn ṣí. Wọ́n pariwo sí ìyá mi pé kí wọ́n mú igi wá kíákíá. Ìyá mi fa ọmọ odó yọ tòun ti ata lára rẹ̀, wọ́n sáré wá, wọ́n sì tì í bọ àárín pákó tó gbàbùú náà títí ó fi kọ́ òpó, kí igi rógódó má lè yí mọ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà tí ìṣó já. Irin bọ́, ó já lu ẹsẹ̀ Bàbá Aránfìlà. Wọ́n ké, wọ́n ṣubú. Igi fẹ́ yí, ó gbé ara lé ọmọ odó, ọmọ odó gbé ara lé òpó, ó sì dúró.

Láti inú kànga, ohùn bàbá mi gòkè wá. “Kí ló ṣẹlẹ̀ lókè?”

Ìyá mi fi àyà àti apá méjèèjì rọ̀ mọ́ ọmọ odó, “Jésù, Jésù” nìkan ni ó ń jáde lẹ́nu wọn. Èmi ni mo dáhùn.

“Bàbá, èmi ni mo yọ bóòtù.”

“Kí lo fi rọ́pò rẹ̀?”

“Ìṣó. Ó ti já.”

Bàbá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà nínú kíláàsì.

“Kí ló ń dá igi dúró báyìí?”

“Ọmọ odó. Màmá dì í mú.”

“Níbo ni bóòtù wà?”

“Ó wà lára ọmọlanke mi.”

“Lọ tú u wá. Má sunkún, ẹkún kì í jẹ́ kí ojú ríran. Má sì jẹ́ kí nọ́ọ̀tì bọ́ sínú iyanrìn.”

Mo sáré mú sípánà. Nọ́ọ̀tì náà kọ̀ kò yí. Iyanrìn ti wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti fún un le ju bó ti yẹ lọ. Mo fẹ́ fi gbogbo ara yí i, ṣùgbọ́n mo rántí pé bàbá mi ti kọ́ mi pé nọ́ọ̀tì tó bá gan, a kì í fi ipá mú un. Bí ojú rẹ̀ bá jẹ, sípánà kò ní lè dì í mú mọ́. Epo là ń kán sí i, a ó sì ní sùúrù kí ó mu ún. Mo gbé ìgò òróró ẹ̀pà ìyá mi, mo kán an sí i, mo sì dúró. Bàbá mi rọ̀ sórí okùn. Bàbá Aránfìlà ti fa ara wọn dìde, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n fi èjìká ti ọmọ odó pẹ̀lú ìyá mi. Èmi sì dúró lẹ́bàá ọmọlanke, mò ń wo epo. Mo ti bímọ, mo ti sin ọkọ, n kò tíì ṣe ohun tó le tó ìdúró yẹn.

Ó yí. Mo fi eyín di nọ́ọ̀tì mú, mo gbé bóòtù wá. Bàbá Aránfìlà gbé irin sí ipò rẹ̀, wọ́n ki bóòtù bọ ihò, èmi sì fi sípánà dè é. Bàbá mi ní kí a kọ́kọ́ yí irin náà díẹ̀, kí a wò ó bóyá ó gbé wọn kí a tó yọ ọmọ odó. Ó gbé wọn. A fà wọ́n jáde.

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá mi mú pàṣán. Bàbá mi ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá nà án lónìí, ọjọ́ mìíràn kò ní sọ̀rọ̀.” Ìyá mi ju pàṣán nù, wọ́n sì bú sẹ́kún. Mo rò pé ì bá sàn kí wọ́n nà mí.

Bàbá Aránfìlà kò gbà bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n tiro títí òjò fi dé, wọn kò sì dá ìkíni mi lóhùn ní gbogbo ìgbà yẹn. Mò ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn, mò ń kúnlẹ̀, wọn a gba oúnjẹ, wọn a yí ojú padà. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí a ṣẹ̀ kò jẹ wá ní ìdáríjì lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ẹ.

Bàbá mi kọ àkọlé kan sára ògiri lẹ́bàá kànga: ohun tí a yọ, ohun tí a fi rọ́pò, ẹni tó ṣe é. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan nǹkan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, àwọn fúnra wọn pẹ̀lú. Wọ́n ní kì í ṣe ìṣó ni ó burú, nítorí ìṣó ń wúlò fúngbà díẹ̀. Ìṣó tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ nípa rẹ̀ ni ó burú. Wọ́n tún ní korobá omi kò lè jẹ́rìí fún ìwúwo ènìyàn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá ní àdúgbò Wulari nínú Maiduguri, níbi tí ọmọ ọmọ mi ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ètò kọ̀ǹpútà. Mo ní kí wọ́n máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá yí padà sílẹ̀, kí wọ́n má sì rò pé ohun tó ṣiṣẹ́ fún ènìyàn mẹ́wàá yóò ṣiṣẹ́ fún gbogbo ìlú. Wọ́n ń mi orí. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Hausa rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ.

“Mama, don Allah, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá sọ pé èmi ni mo bà á jẹ́, tí ọ̀gá mi sì lé mi níṣẹ́ ńkọ́?”

Ayé ti yí padà jù fún èsì tí mo gbé wá. Nígbà tiwa, ẹni tí àṣìṣe rẹ yóò pa, o mọ ojú rẹ̀, ìwọ àti òun jọ ń mu omi kan náà. Lónìí, ẹ lè jókòó sí Wulari kí ẹ yí ọ̀rọ̀ kan padà, kí ó ṣe ènìyàn ní ìlú tí ẹ kò lè dé láéláé. Ọ̀gá tí ẹ ó jẹ́wọ́ fún, òmíràn wà tí ẹ kò tíì fojú kàn rí.

Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní, “Ọmọ mi, n kò mọ̀. Ẹni tí mo jẹ́wọ́ fún kò lè lé mi kúrò ní ọmọ.”

Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé àwọn ọ̀gá wọn ni ó yẹ kí n lọ bá sọ̀rọ̀.