Ibi Tí Wọ́n Ní Kó Má Lọ

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibẹ̀: agẹrun yìí fẹ́ràn ẹja pípa ju irun gígẹ lọ, irọ́ tó sì ń pa nípa ẹja pọ̀ ju irun tó ń gbá nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá jókòó sórí àga rẹ̀ tó ń yí, tó da aṣọ bò yín lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ẹja ni yóò kọ́kọ́ bá yín sọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ńlá ló lẹ kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan mọ́, tó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta, tó wá fi pẹ́ńsù ya gbogbo omi àyíká sí i: adágún méjì, ọ̀sà kan, etíkun, àti odò tó lọ kọ́rọkọ̀rọ. Ibi tí oníbàárà bá ti ní òun rí ẹja, á fi àmì sí i. Ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń rí ẹja ńkọ́? Ẹ ò ní rí àmì kankan níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Lábẹ́ afárá àtijọ́ ni o," níbi tí kò sí nǹkan ju bàtà jíjẹrà àti ike lọ. Ogún ọdún ló fi ń rán àwọn èèyàn lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń padà bọ̀ lọ́wọ́ òfo, tí òun sì ń kí wọn kú ìrọ́jú.

Kì í ṣe òun nìkan náà. Láàárín àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja, ibi tí ẹja wà dà bí ọ̀rọ̀ inú yàrá tọkọtaya, ẹni tó bá bèèrè ni kò mọ̀wà hù.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n yìí fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù, orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lókèèrè, ibi tó jìn tó jẹ́ pé àtipadà ò dájú. Ó wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àbúrò, ká tó pínyà, mú mi lọ sétí omi bíi ti kékeré wa. Ká lọ pàgọ́ sínú igbó, ká pẹja. Ẹyọ kan ṣoṣo péré ti tó mi." Òun ló kọ́ agẹrun bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Agẹrun ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí kò ṣe rí fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó rẹ̀ tó bímọ mẹ́rin fún un.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ibi àṣírí tirẹ̀ létí odò ti parẹ́. Àwọn tó ń la títì ti da òkúta dí i pátápátá. Nítorí náà, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà nìkan ló kù tó lè gbójú lé.

Adágún tí nọ́ọ̀sì kan júwe ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀, irin ni wọ́n bá tí wọ́n fi ṣọgbà yí omi náà ká, àti ọlọ́dẹ kan tó wọ bàtà òjò.

"Ẹ lọ gbàwé àṣẹ wá," ni ọlọ́dẹ wí.

"Níbo?"

"Ní ọ́fíìsì."

"Ta ló wà ní ọ́fíìsì?"

"Kò sẹ́nì kankan. Wọ́n ti lọ fún ìsinmi."

Agẹrun ní ìsinmi lòun náà wá ṣe. Ọlọ́dẹ ní kó káàbọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gba etíkun lọ, síbi tí ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ní ẹja ti ń wọ́ lọ bí èèrà láàárín àpáta. Àpáta wà lóòótọ́. Ohun tí alátùn-únṣe ò sọ ni pé wọ́n á gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó di orúnkún mú, ó sì jókòó. Agẹrun nìkan ló sọ̀ kalẹ̀, òkun sì já okùn mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Inú bí i débi pé ó ta korobá nípàá, gbogbo ekòló sì dànù.

Ẹ̀gbọ́n wò ó látòkè. "Ó ti wá kan ekòló báyìí?"

Agẹrun ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn Sátidé, àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọkọ̀ yóò wá gbé ẹ̀gbọ́n.

Ibi méjì ló sì kù lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ẹnì kan náà ló sì sọ̀rọ̀ nípa méjèèjì: wẹ́dà tó ń jó irin ní òdìkejì títì. Orí àga agẹrun ló jókòó sí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó gbọ́ nípa ìrìn àjò náà. Ó ní, "Ẹ má lọ sí ọ̀sà tí koríko gígùn yí ká yẹn o. Omi ti fà níbẹ̀, ẹja ti kó lọ. Adágún ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ bíríkì ni kẹ́ ẹ wá. Èmi àti Tíṣà tá a jọ ń pẹja á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ibẹ̀ tẹ́jú, ẹsẹ̀ ò ní dun ẹ̀gbọ́n yín."

Ẹni tí kì í pẹja ì bá ti dúpẹ́, kó sì lọ sí ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ bíríkì. Ṣùgbọ́n ọkàn òpùrọ́ ni agẹrun fi gbọ́ ọ. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Apẹja wo ló ń pe èèyàn wá síbi ẹja rẹ̀? Bí apẹja bá ní "ẹ wá," kò sí nǹkan níbẹ̀. Bó bá ní "ẹ má lọ," ibẹ̀ gan-an ni ìkòkò ọbẹ̀ wà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ iwájú ọkọ̀ sí ọ̀sà.

Omi ọ̀sà náà ò bo kókósẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú ni, ó ń rùn. Wọ́n jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀rí, kọ́ọ̀kì orí okùn ìwọ̀ wọn ò mì. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti fọwọ́ gbá ẹ̀fọn títí tó sú u, ó yíjú.

"Ta ló júwe ibí fún ẹ?"

Ó yẹ kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: "Èmi." Ṣùgbọ́n ogún ọdún ti kọ́ ẹnu rẹ̀ níṣẹ́, ó sì ṣiṣẹ́ náà kó tó dá a dúró.

"Wẹ́dà ni."

"Wẹ́dà iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ? Tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí? Èèyàn burúkú gbáà ni!"

"Ẹ dá a dá Ọlọ́run, ẹ̀gbọ́n mi," ni agẹrun wí, ó sì ń ká okùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ níwájú ilé ẹ̀gbọ́n ni wẹ́dà dé, ó gbé ẹja ńlá méjì tí wọ́n ti yan dání. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. "Bàbá, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Èmi àti Tíṣà retí yín títí ilẹ̀ fi ṣú lánàá. A tiẹ̀ gbé àga kan sílẹ̀ fún yín létí omi. Mo ní ẹ má lọ sí ọ̀sà yẹn, àbí agẹrun gbàgbé ni?"

Ẹ̀gbọ́n gba ẹja náà lọ́wọ́ méjèèjì. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó sì bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wẹ́dà. Ìgbà tí wẹ́dà lọ, ẹ̀gbọ́n gbé orúnkún rẹ̀ wọnú ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Pé o ń purọ́ fún àwọn oníbàárà ẹ, ìyẹn yé mi," ló wí. "Èmi náà ńkọ́?"

Agẹrun la ẹnu. Gbogbo ohun tó wá sí i lẹ́nu, irọ́ ni. Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì yẹ̀ kúrò lọ́nà kí awakọ̀ lè jáde.