Tìróò Ní Orí Ọkọ Mi

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ mi. Látìgbà tí mo ti délé wọn, bí a bá jókòó ti oúnjẹ, wọn á yọ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, wọn á fi sínú àwo mi. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú wọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja dáwọ́ dúró. Mo ní kí wọ́n fi òsì fún mi.

"Òsì kẹ̀? Ṣé ọ̀tá mi ni ẹ́ ni?"

Àwọn ọmọ wá kó wa wá sí Ìkòròdú, nítorí ọmọbìnrin kan wà nítòsí ibùdókọ̀ Benson níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn tí àìsàn yìí ṣe bí wọ́n á ṣe tún máa lo ara. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fi báírò ya ilà sí orí ọkọ mi, lápá òsì. Orí ti pá, ilà hàn dáadáa.

"Bàbá, ọpọlọ tó wà lábẹ́ ibí yìí ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún yín. Gbogbo ẹ̀yìn yín, igun kékeré ló ní níbẹ̀. Ọwọ́ gba ilẹ̀ gan-an, pàápàá àtàǹpàkò."

"Àtàǹpàkò wá di onílé, ẹ̀yìn mi ń háyà yàrá!"

Èmi tí mo ti ń fi òrí pa ọwọ́ látọjọ́ yìí, mo ní áà, ibi tí mò ń pa kọ́ nìyí. Bí a ṣe délé, orí ni mò ń fi òrí pa. Kí ilà má baà parẹ́, àràárọ̀ ni mò ń fi tìróò tún un tọ̀.

"Ṣé o fẹ́ fi mí ṣe ìyàwó ni?"

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, Bàbá."

Nígbà tí a padà lọ, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Màmá, òrí ò lè wọ eegun orí débẹ̀. Ọwọ́ lẹ máa lò láti fi jí i. Kí ni Bàbá fẹ́ràn láti fi ọwọ́ yẹn ṣe?"

Ọkọ mi wo ojú mi. "Ẹja," ni wọ́n wí.

Láti ìgbà náà, mo máa ń fi gèlè wé ọwọ́ òsì wọn nídìí oúnjẹ kí ọ̀tún lè ṣiṣẹ́, màá gbé orí ẹja síwájú wọn. Ó pẹ́ kí àtàǹpàkò tó mira. Ẹja ń bọ́, ọkọ mi ń bínú, mo ń gbé òmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n há ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, wọ́n nà án sí mi.

"Gbà. Ọ̀tún ni."

Ó ti fọ́. Mo jẹ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, mo sì ṣa èyí tó bọ́ sórí ẹní jẹ.