Ẹní Tí Wọ́n Tú Wò, Ikùn Tí Wọn Ò Yẹ̀ Wò

Seluia ti kú. Ìju ni wọ́n fẹ́ yọ, ilé ọmọ ni wọ́n gé jáde. Níbi tí wọ́n ti ń gé e, ọ̀bẹ ṣèèṣì gé iṣan tó ń gbé ìtọ̀ bọ̀ láti inú kíndìnrín, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n rán ikùn rẹ̀ pa. Wọ́n ní ojú rírán náà gún régé.

Obìnrin tó ń kọ́ ọmọ wa lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Tí ọmọ bá ṣi ohùn, á ní, "Ìwọ, ṣé iṣu gbígbóná ló wà lẹ́nu ẹ ni?" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, àtẹni tó ṣì í.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, lórí ibùsùn ọsibítù, ó ní, "Dókítà, ikùn mi ń wú o."

"Afẹ́fẹ́ ni, Mama. Tẹ́ ẹ bá ti só, á lọ."

"Èyí tí mo ti só tó gbé ọkọ̀ ojú omi dé erékùṣù Savaii!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá sí ibùsùn kejì. Ìtọ̀ ló kún inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti wá fẹ́ báyìí, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

Ṣé kò sóhun tí wọ́n lè fi mọ̀ ni? Ó wà. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, wọ́n á tì í bọ àpò ìtọ̀ kí wọ́n tó rán ikùn. Bí ìtọ̀ bá ń ṣàn wọlé lọ́tùn-ún lósì, kò séwu. Bí apá kan bá gbẹ, kí wọ́n má rán an. Àwọn àlejò láti òkè òkun fún ọsibítù wa ní ọ̀kan. Pásítọ̀ gbàdúrà sí i, a pa ẹlẹ́dẹ̀. Látìgbà náà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, tí wọ́n fi léésì bò. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má dọ̀tí kí àlejò tó padà wá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọ̀gá ọsibítù àti dókítà náà wá bẹ̀ wá bí àṣà wa. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ilé, wọ́n da ẹní àtàtà borí. Bí ìdílé bá ti gba ẹní, ọ̀rọ̀ parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bèèrè nǹkan kan mọ́. Olórí ìdílé ti nawọ́ láti gbà á nígbà tí Lagi, ẹ̀gbọ́n Seluia, dì í lọ́wọ́ mú.

"Dókítà, ṣé ẹ tú ẹní yìí wò kẹ́ ẹ tó gbé e wá?"

"A tú u mà, tojú tẹ̀yìn. Ta ló ń fi ẹní tó ya bẹ̀bẹ̀?"

"Inú àbúrò mi ńkọ́?"

Dókítà tún fa ẹní náà bo orí.

Èmi náà ní ìbéèrè. Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn? Ta ló ní kí kámẹ́rà máa ṣe ọ̀ṣọ́? Ẹ dárúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo abúlé, kẹ́ ẹ sì ká léésì yẹn kúrò kí obìnrin mìíràn tó gun tábìlì iṣẹ́ abẹ yín. Ẹní yín dára o. Kò ya níbì kankan. Ẹ gbé e lọ.