Ìbọn Tí Àbẹ̀kẹ́ Yìn fún Bàbá Rẹ̀

Bí ẹ bá rí Màmá Joanna ní Queens Village nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú kóòtù rẹ̀ aláwọ̀ eérú, tó fi báàgì kọ́ apá, tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, kò lè wá sí yín lọ́kàn pé ìbọn wà lára obìnrin náà. Èmi tí mo ti bá a ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láti ọdún gbọọrọ, n kò mọ̀. Ọjọ́ tí mo mọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. A wà nínú kíṣìnì rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè láti bá mi mú ṣúgà, kóòtù ṣí, mo sì rí ìdí ìbọn ní ìbàdí rẹ̀.

"Ẹ̀yin Màmá Joanna, kí lèyí?"

"Ìbọn ni. Ṣé o ò rí ìbọn rí ni?"

Mo ti rí ìbọn rí o. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, n kò ti inú ẹyin jáde lánàá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọlọ́pàá ni mo ti máa ń rí i, kì í ṣe ìbàdí ìyá tó ń kọ́ wa ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo fi tíì sílẹ̀, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ kan ló já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ládùúgbò Morris Heights nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n sì tì í ṣubú. Nígbà tí òfin yí padà, tí ará ìlú lásán náà lè bèèrè àṣẹ láti máa gbé ìbọn sábẹ́ aṣọ, ó ní òun á gba tòun. Ó lọ sí kíláàsì, ó tẹ̀ka, wọ́n wádìí rẹ̀ dé orí aládùúgbò, ó dúró títí ó fi sú u, àṣẹ sì jáde. Àṣẹ ọ̀hún wá dé tán, òfin ní kò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ọsibítù, tàbí páàkì, tàbí ilé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọsibítù ni gbogbo ibi tí Màmá Joanna ń lọ láyé yìí! Ìbọn náà kò wá ní ìrìn kankan ju láti yàrá dé kíṣìnì, àti láti kíṣìnì dénú mọ́tò. Mo sọ fún un pé ìbọn rẹ̀ ti di ìyàwó ilé.

Ìbọn kékeré ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní rifọ́fà, tí ibi tí ọta ń gbé nínú rẹ̀ rí róbótó, tó sì máa ń yí. Ọta márùn-ún ló ń gbà. Ọ̀pá rẹ̀ kò gùn ju ìka lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ọta rẹ̀ sì sanra tó orí àtàǹpàkò mi. Marcus, ọkùnrin gìrìpá tó ń bójú tó ilé ìyìnbọn tó ti máa ń dánra wò, ti sọ fún un pé kó mú èyí tí ọta rẹ̀ kéré. Ó ní ìbọn kékeré tó bá ń yin ọta ńlá, ẹni tó dì í mú ló ń fìyà jẹ. Òótọ́ ni. Ọwọ́ Màmá Joanna ti bàjẹ́ níbi gbígbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Tó bá ti ilé ìyìnbọn dé, yìnyín ló máa ń fi di ọrùn ọwọ́. Joanna ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí.

"Mommy, please now. Ẹ gba kékeré. It's the same thing."

"Kì í ṣe same thing. Ìbọn tí kò bá dún, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Joanna rò pé agídí ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí Màmá Joanna fi sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún mi.

Susan ni wọ́n fi sàmì fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Ọdẹ́yẹmí ni bàbá náà, ògbójú ọdẹ ní abà kan lẹ́yìn Ṣakí. Tó bá ti ń sọ̀rọ̀ abà yẹn, ojú Màmá Joanna á máa dán, á gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó ní gbogbo ìbọn ló ní ohùn tirẹ̀. Ọdẹ pọ̀ lábà, wọ́n sì lè yìnbọn nínú igbó láàárọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n tí ti bàbá rẹ̀ bá ti dún, ìyá rẹ̀ á gbójú sókè nídìí ilẹ̀ tó ń gbá, á ní, "Ìyẹn ni tiwa. Ẹ gbé omi kaná." Wọn ò tíì rí ẹran o. Wọn ò mọ̀ bóyá ẹtu ni tàbí ọ̀yà, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ọta bà á. Omi ti wà lórí iná. Kí bàbá tó yọ lókèèrè nínú gbérí ọdẹ rẹ̀, omi ti hó, òun àti Mary àbúrò rẹ̀ ti jókòó láti họ irun ẹran.

"Ṣé bàbá kì í tàsé ni?" mo bi í.

"Wọ́n ń tàsé dáadáa. Omi yẹn náà la máa fi tẹ ẹ̀bà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún díẹ̀. Mo mọ irú ẹkún yẹn. Àwa tí a ti pẹ́ nílùú yìí, gbogbo wa la ní tiwa.

Bàbá kò bí ọkùnrin. Lábà wọn, tí wọ́n bá ń sin ọdẹ, àkọ́bí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yìnbọn kí pósí tó wọlẹ̀, kí àwọn ọdẹ tó kù tó dá a lóhùn. Wọ́n sì ní obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn ọdẹ. Bàbá gbọ́ o, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó mú Àbẹ̀kẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki ẹ̀tù, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìdí ìbọn ti èjìká. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ wá sí Amẹ́ríkà, ó pe àwọn ọdẹ jọ, ó sọ lójú gbogbo wọn pé, "Lọ́jọ́ tí mo bá lọ, Àbẹ̀kẹ́ ni yóò yìn mí sọ́nà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Màmá Joanna gbé wọ bààlúù. Ó lọ kí bàbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìgbà tí pépà rẹ̀ jáde, bàbá sì ń dàgbà, kò kú, àwa náà ń dúpẹ́.

Ní oṣù Ẹ̀bìbí ọdún yìí, Mary pè láti ilé pé bàbá ti sùn. Màmá Joanna kò sunkún nítorí ikú, bàbá ti gbó. Ohun tó pa á lẹ́kún ni pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i lẹ́sẹ̀, dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ wọ bààlúù rárá. Lékè, ọmọ àbúrò bàbá, ti ní òun á bá wọn yìnbọn àkọ́kọ́ náà. Ó ní ẹni tí kò sí nílé, tó tún jẹ́ obìnrin, báwo ló ṣe fẹ́ yìn ín? N kò rí Lékè yìí rí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti fẹ́ràn rẹ̀.

Màmá Joanna ní kí wọ́n gbé fóònù fún Olúọdẹ, olórí àwọn ọdẹ abà. Mo wà ńbẹ̀ bó ṣe ń kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ fún ọkùnrin tó wà lẹ́yìn òkun.

"Bàbá, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí wọ́n wí lọ́jọ́ náà. Mo ní ìbọn níbí. Ẹ jẹ́ kí n yìn ín lórí fóònù."

Olúọdẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọdẹ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ òkú ni ọ̀rọ̀. Tí ìbọn rẹ bá dún sí wa létí kí pósí tó wọlẹ̀, tìrẹ ni àkọ́kọ́. Tí a kò bá gbọ́ ọ, kí Lékè yìn."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tí kò fi gba ìbọn kékeré ọlọ́ta kékeré.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, a ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyìnbọn kí wọ́n tó ṣí i. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀sán ti ń rọ̀ nílé, àwọn ọdẹ ti pé. Marcus rí fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní wọn kì í mú fóònù dé ibi tí wọ́n ti ń yìn. Màmá Joanna ṣàlàyé fún un. Marcus ṣí fìlà. Ó ní ní Georgia, bí wọ́n ṣe ṣe fún bàbá bàbá òun náà nìyẹn, ìbọn ni wọ́n yìn lórí sàréè. Ó ní ká wọlé, ṣùgbọ́n ọta márùn-ún péré, ká má fi kún un, kí èmi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Joanna, kí n má kọjá rẹ̀ síwájú.

Wọ́n fún wa ní ìdétí, irú èyí tó ń dí ariwo ìbọn ṣùgbọ́n tó ń jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn kan ti ń yìn lápá kejì, Màmá Joanna sì ń fa imú sókè.

"Kì í ṣe òórùn ẹ̀tù bàbá mi nìyí," ó ní. "Ti bàbá mi máa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ó máa ń wà lára gbérí wọn títí. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

A pe Mary lórí fídíò, ó gbé ojú sí fóònù. Mo rí pósí lórí àga, mo rí àwọn ọdẹ, mo rí ìyá arúgbó kan tó jókòó ti orí pósí. Ìyá Màmá Joanna nìyẹn. Etí màmá ti dí láti ọjọ́ pípẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Mo dojú fóònù kọ ojú Màmá Joanna kí wọ́n lè rí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbọn mú.

"Ọdẹ́yẹmí! Àbẹ̀kẹ́ yín rèé o! Ẹ máa lọ ire!"

Ó yìn ín. Ariwo náà lù mí láyà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fóònù nù. Àwọn tó ń yìn lápá kejì dáwọ́ dúró, wọ́n yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yìn ín nà," Mary wí.

"Mo ti yìn ín!"

"A ò gbọ́. Ohùn yín la gbọ́, ó kàn dákẹ́ wẹ́lo."

Ó yin ẹ̀kejì. Ó yin ẹ̀kẹta. Mary ń mi orí. Marcus sún mọ́ mi, ó ní fóònù ni. Ó ní tí ariwo bá ti pọ̀ jù, fóònù ìsinsìnyí máa ń kà á sí ìdíwọ́, á gbé e mì kó má bàa dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ wo ayé! Obìnrin fi ọwọ́ rẹ̀ jìyà lórí ìbọn tó ń dún jù, bí ó ṣe ń dún tó ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ó yin ẹ̀kẹrin, ó mú igbe bọ ẹnu, nítorí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ti wú. Nílé, wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn Mary. "Òjò ń ṣú o. Ẹ jẹ́ ká máa báṣẹ́ lọ. Ìbọn mi ti wà nílẹ̀." Lékè nìyẹn. Mo bú u lọ́kàn mi, mo bú u dáadáa. Àwọn tó fẹ́ gbé pósí ti bẹ̀rẹ̀. Màmá Joanna gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò mí.

"Ó ku ẹyọ kan," ó ní. "Wọn ò ní gbọ́ ọ. Mo já bàbá mi kulẹ̀."

Màmá arúgbó ló na ọwọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ Mary, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Ojú Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni mò ń rí," ó ní. "Ìbọn dà?"

Mo yí fóònù kúrò ní ojú Màmá Joanna, mo dojú rẹ̀ kọ ẹnu ìbọn.

Ọwọ́ òsì ló fi yìn ín, ọ̀tún kàn tì í lẹ́yìn ni. Ọ̀pá ìbọn náà kúrú, kò sí ibi tí iná fẹ́ jó sí nínú rẹ̀, ìta ni gbogbo rẹ̀ jó sí. Iná pupa bù jáde, ó tan mọ́ ògiri, ó tan mọ́ ojú obìnrin náà. A wo inú fóònù. Ìyá arúgbó tí kò gbọ́ràn mọ́ gbójú sókè, ó wo àwọn ọmọbìnrin ilé.

"Ìyẹn ni tiwa," ó ní. "Ẹ gbé omi kaná."

Ni Olúọdẹ bá bọ́ síwájú, ó fi ọwọ́ ti Lékè sẹ́yìn. Ó ní òun kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n nínú gbogbo abà, ìyá arúgbó yìí ni kò ṣi ìbọn Ọdẹ́yẹmí mọ̀ rí. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ ti yin àkọ́kọ́. Àwọn ọdẹ gbé ìbọn sókè, wọ́n dá a lóhùn. Àwa náà kò gbọ́ tiwọn. Èéfín la rí, ó ń gbá yí pósí ká títí a kò fi rí i mọ́, Màmá Joanna sì ń fa imú sókè níwájú fóònù.

Marcus gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e kalẹ̀. Èmi ni mo wakọ̀ wa dé ilé.

Bí a ṣe wọlé, kò bọ́ kóòtù. Ó fi ọwọ́ tó wú náà pọn omi kún ìkòkò tó tóbi jù nínú ilé, ó gbé e kaná. Mo bi í pé kí la fẹ́ sè.

"Èmi náà ò mọ̀," ó ní.

A jókòó tì í títí ó fi hó.