Ògiri Tí Kò Ní Irin

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pe bíríkìlà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wó ògiri kọnkéré àtijọ́ tó di ilẹ̀ mú lẹ́yìn ilé, kó sì mọ tuntun dípò rẹ̀, "jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́" ló sì máa ń pariwo mọ́ àwọn lébìrà láti àárọ̀ dalẹ́. Kì í wó o lẹ́ẹ̀kan náà. Á wó ìwọ̀n tí ilẹ̀kùn kan lè gbà, á fi igi ti ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, á to irin, á da kọnkéré sí i, á dúró kó le dáadáa, kó tó fọwọ́ kan èyí tó kù. Bí oníkánjú bá ní ó ń fi ọjọ́ ṣòfò, á ní kó wá dúró sábẹ́ rẹ̀ ná.

Ṣùgbọ́n èyí tó wó lọ́sẹ̀ yẹn kì í ṣe ti oníbàárà. Ògiri ilé bàbá rẹ̀ ni, bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó sì ti kú tipẹ́. Ilé náà wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló ń gbé ibẹ̀, yàrá tó ń sùn sí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ògiri náà lórí. Lẹ́yìn òjò ọdún yẹn, ògiri yọ ikùn síta. Jẹ́jẹ́ wò ó títí, ó ní kò lè dúró de òjò mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ohun tó wà nílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Láyé ìgbà kan, irú ògiri bẹ́ẹ̀ tí bàbá wọn mọ fún ará àdúgbò ya lulẹ̀, ó sì pa ìyá onílé. Ọmọkùnrin ìyá náà, télọ̀ ni, òun ló ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ sọ́nà nígbà náà. Télọ̀ dúró lójú gbogbo ayé, ó ní bàbá wọn ò fi irin sínú ògiri náà, ó ti tà á jẹ. Bàbá búra pé irọ́ ni, pé omi ló ba ògiri jẹ́. Ni ẹ̀gbọ́n bá kó gbogbo ẹ̀bùn télọ̀ dà sí i lójúde, ó ní ẹni tó pe bàbá òun lólè kò lè fi òun ṣaya. Kò fẹ́ ẹlòmíràn títí irun rẹ̀ fi funfun. Jẹ́jẹ́ alára ti jà nítorí ọ̀rọ̀ yìí rí, eyín rẹ̀ kan ló bá a lọ. Bàbá ẹni ni bàbá ẹni.

Òòlù àkọ́kọ́ ló ti kọ ọ́ lóminú. Kọnkéré tó ní irin nínú kì í fọ́ wẹ́rẹ́. Bó tilẹ̀ fọ́, irin á ṣì dì í mú. Èyí ń ya bí búrẹ́dì gbígbẹ. Jẹ́jẹ́ fọwọ́ tú àfọ́kù, kò rí nǹkan. Ó ní bóyá ìsàlẹ̀ ló wà. Wọ́n dé ìsàlẹ̀, òfo. Ó ní káwọn lébìrà máa lọ sinmi, ó sì jókòó sórí àfọ́kù.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ó rántí pé nígbà tóun ń kọ́ṣẹ́, bó bá ti kan irin títò, bàbá á rán òun lọ pọn omi lọ́nà jíjìn. Kó tó dé, wọ́n á ti kan pákó tí wọ́n máa da kọnkéré sí pa. Bàbá á ní, "Mo ti tò ó tán." Kò sì wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù. Obìnrin tó ti fi ìbúra bàbá lé ọkọ lọ, ta ló fẹ́ la ẹnu sọ fún un pé irọ́ ni? Ni Jẹ́jẹ́ bá ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó lọ kó irin tó ti dípẹtà láti ibi iṣẹ́ mìíràn, ó tẹ̀ ẹ́, ó rì í sáàárín àfọ́kù.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n gbé omi mímu wá fún un.

"Ẹ wo irin bàbá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ìpẹtà ló jẹ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n fa ọ̀kan yọ, ó fi àtàǹpàkò nù ún. "Níbo lo ti rí èyí?"

"Inú ògiri ni."

"Irin tó ní ìlà lára? Àbúrò mi, o ò mọ irọ́ pa. Nígbà yẹn, irin tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ ni wọ́n ń lò. Èmi ni mo bá bàbá po kọnkéré yìí, ìwọ ṣì ń rákò nílẹ̀. Kò sí irin kankan níbẹ̀."

Jẹ́jẹ́ gbé omi náà sílẹ̀. "Ẹ mọ̀, ẹ sì ń sùn lórí rẹ̀ látọjọ́ yìí?"

"Níbo ni kí n sùn sí?"

"Kí ló dé tí ẹ lé télọ̀?"

"Tí mo bá ní òótọ́ ló sọ, wọ́n á wá mú bàbá lọ. Ta ni ì bá kọ́ ẹ níṣẹ́? Kí la ò bá jẹ?" Ó ju irin náà sílẹ̀. "Mo rò pé ògiri tiwa àti ti ìyá télọ̀ nìkan ni kò ní irin. Àwọn tí ìwọ àti bàbá wá jọ mọ lẹ́yìn ìgbà yẹn ńkọ́?"

Ẹ̀rù ba Jẹ́jẹ́ gidigidi. Àwọn ògiri náà wà káàkiri gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ọmọdé ń ṣeré nísàlẹ̀ wọn, èèyàn ń sùn lókè. Inú bí i sí bàbá, ó bí i sí ẹ̀gbọ́n, ó bí i sí ara rẹ̀.

"Tílẹ̀ bá mọ́, màá máa lọ sọ fún wọn lójúlé-lójúlé," ló sọ nígbẹ̀yìn.

"Màá bá ẹ lọ," ni ẹ̀gbọ́n wí, "ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ télọ̀ la ó kọ́kọ́ yà."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá télọ̀ nídìí máṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, awò lójú, ó ń rán aṣọ iléèwé. Ìyàwó rẹ̀ fún wọn ní bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n ò jókòó.

"Òótọ́ lo sọ nígbà yẹn," ló ní. "Bàbá wa ò fi irin sí i. Mo mọ̀, mo sì pè ọ́ ní òpùrọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Télọ̀ rán ojú aṣọ náà dópin, ó gé òwú.

"Èmi mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ," ló ní. "Ìyá mi ni kí ẹ lọ bẹ̀."

Ó fa aṣọ mìíràn sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì ń rán an lọ.