Akoto Olowo Rimi

Títí di òní, ọ̀rọ̀ akoto bàbá mi ṣì ń rú mi lójú.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá ta aṣọ ní Niamey, ní ilẹ̀ Niger. Ọjà kò tà, ni wọ́n bá bá àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ sí Arlit nínú aṣálẹ̀, níbi tí wọ́n ti wa kùsà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti di olóògbé. Akoto wọn, fìlà líle pupa rúsúrúsú tí awakùsà ń dé, nìkan ló kù. Ara ìṣó ní pálọ̀ ìyá mi ní àdúgbò Banifandou ló máa ń wà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dé e.

Nígbà tí obìnrin kan láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní Yantala wá ń tọrọ ohun èlò àwọn awakùsà, kí ayé má baà gbàgbé iṣẹ́ wọn, ọkàn mi balẹ̀ pé ọwọ́ òfìfo ni yóò fi lọ. Àfi bí mo ṣe ti ọjà Wadata dé tí mo bá ìṣó lásán. Mo bi ìyá mi pé kí ló dé. Wọ́n ní kí n lọ fọwọ́ kí n wá jẹun.

Nígbà tí ìpàtẹ náà bẹ̀rẹ̀, mo lọ wò ó. Mo rí àtùpà, mo rí bàtà, mo rí akoto nínú àpótí onígíláàsì. Ibi tó ti là létí ni mo fi dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n káàdì abẹ́ rẹ̀ ní: «Casque de M. Olowo Rimi», ìyẹn lédè Faransé, akoto Ọ̀gbẹ́ni Olowo Rimi.

Ta ni Olowo Rimi? Rimi ni Haúsá ń pe igi àràbà. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tilẹ̀ ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé Haúsá pọ́ńbélé ló ni akoto náà. Mo wo ibi tó là, ti bàbá mi ni. Mo wo orúkọ, kì í ṣe ti bàbá mi. Orí mi dàrú. Mo pe orúkọ náà sókè, mo tún pè é kíákíá, ẹ̀rín sì pa mí tinútinú. Olówó orí mi!

Ìyàwó ilé wa kì í pe ọkọ lórúkọ. Obìnrin náà bi ìyá mi ní orúkọ ẹni tó ni akoto, wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń pe ọkọ wọn láti ọjọ́ ìgbéyàwó, obìnrin náà sì là á sí méjì.

Mo ní kó tún un kọ. Ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó gbé nǹkan sílẹ̀ fún wọn ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ náà. Mo rò pé ó parí nìyẹn, pé bàbá mi yóò máa jẹ́ igi àràbà títí ayé.

Síbẹ̀ mo mú ìyá mi lọ lọ́jọ́ Àlàámísì. A bá àwọn ọmọbìnrin iléèwé nídìí àpótí náà, olùkọ́ ń ka káàdì, àwọn ọmọ ń gbè é: "Olowo Rimi!"

"Ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá ni, Màmá."

Ìyá mi wò wọ́n látòkè délẹ̀. "Gbogbo èyí? Ọkọ mi ni gbogbo wọn ń pè ní olówó orí wọn? Kai! Wọn ò tó bẹ́ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, ìyá mi kò rẹ́rìn-ín.

Obìnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà jáde, ó kí ìyá mi lédè Zarma: "Fofo, Hajiya." Ìyá mi fà á mọ́ra, wọ́n ju ọwọ́ sí mi pé kí n sún sẹ́yìn. Wọ́n fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó pẹ́ kí ètè wọn tó mì. Mo tẹ́tí títí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin náà kọ sílẹ̀, orúkọ bàbá mi ni, kò ṣì í.

N kò mọ ohun tó yẹ kí n rò. Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ni mo rí gbà, ó sì dùn mí. Àlejò ló gbọ́ orúkọ bàbá mi lẹ́nu ìyá mi, èmi ọmọ kò gbọ́ ọ.

"Màmá, kí ló dé gan-an tẹ́ ẹ fi gbé akoto yẹn sílẹ̀?"

"Ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó. Orí ò sí nínú ẹ̀." Wọ́n nawọ́ sí àpótí náà. "Orúkọ tí mo sọ yẹn, kí ará ìta máa pè é. Bá mi gba káàdì àkọ́kọ́ yẹn. Tèmi nìyẹn."

Ìyá mi kò mọ̀wé kà. Káàdì náà ló wà lára ìṣó báyìí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.