Ohun Tí Bàámi Ti San Owó Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: alágídí ni mí, ọ̀dọ̀ Bàámi ni mo sì ti jogún rẹ̀. Bíríkìlà ni wọ́n. Iṣẹ́ ló gbé wọn dé Benin kí wọ́n tó bí mi, yàrá méjì la sì ń gbé ní Ekenwan Road. Nǹkan méjì ni wọn kì í gbà fún ọmọ wọn rárá. Ọmọ wọn kò gbọdọ̀ gba ohun ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ sọ ẹ̀kọ́ ilé nù nítorí pé a wà nílùú onílùú. Pidgin ni mò ń sọ ládùúgbò, Yorùbá mi sì ń kọsẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n tó bá di ká kúnlẹ̀ kí àgbà, ẹ fi mí sílẹ̀ o! Àwọn tí wọ́n dàgbà sí Oǹdó, ìlú Bàámi, gan-an kò kúnlẹ̀ tó mi.

Ẹ̀kọ́ ilé yìí ló kù díẹ̀ kó ba tèmi jẹ́ nígbà tí mo wọ yunifásítì. Láyé ìgbà yẹn, àwọn tíṣà tí wọ́n ti ń kọ́ni láti ọdún pípẹ́ máa ń gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti wá kàwé sí i, nítorí náà àwọn tó lè bí mi lọ́mọ wà nínú kíláàsì wa. Báwo ni màá ṣe jókòó síwájú wọn, kí n wá kọ ẹ̀yìn sí wọn? Bí mo bá tilẹ̀ kọ́kọ́ dé, tí àgbà kan bá wọlé, màá dìde, màá ní, "Ẹ jókòó síbí, sà." Wọ́n á súre fún mi, èmi á kó ìwé mi, ó di ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Láti ibẹ̀, ẹfun ṣáá ni mò ń rí lójú pátákó. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí lójú gbogbo ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn.

Kẹ́místìrì fojú mi rí màbo. Àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí olùkọ́ máa ń kọ sábẹ́ lẹ́tà, méjì á di mẹ́ta lójú mi, mẹ́ta á di mẹ́jọ. Nígbà tí èsì ìdánwò ìdajì ọdún jáde, mo fìdí rẹmi. Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi pé bí mo bá tún fìdí rẹmi lópin ọdún, kí n máa lọ sílé. Mi ò fi lẹ́tà náà han Bàámi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń mọlé pé ọmọ àwọn wà ní yunifásítì. Mo gbà lọ́kàn mi pé olódo ni mí, mo sì ń sunkún nínú tákísí.

Àǹtí kan ló kó mi yọ. Tíṣà ni wọ́n ní Èkìtì tẹ́lẹ̀, wọ́n ti lé lógójì ọdún, mo sì ti dìde fún wọn lórí àga lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tí wọn kò rí àyè wá sí kíláàsì, wọ́n yá ìwé mi kí wọ́n lè kọ ohun tí a kọ́. Wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó.

"Omi lo kọ síbí yìí, àbí májèlé?"

Mo ní bí olùkọ́ ṣe kọ ọ́ sójú pátákó nìyẹn. Wọ́n mú mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n ka ohun tó wà lójú pátákó. Mo fún ojú pọ̀ títí, n kò rí nǹkan kan kà. Wọ́n pòṣé.

"Káàdì rẹ dà?"

Ẹ ò rí irú Àǹtí yìí rí. Gbogbo ibi tí káàdì akẹ́kọ̀ọ́ lè múni wọ, wọ́n ti wọ ibẹ̀. Wọ́n mọ àkókò tí bọ́ọ̀sì tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń gbéra, wọ́n mọ ọjọ́ tí ẹran máa ń tóbi ní ilé oúnjẹ wa, wọ́n mọ onífọ́tò kan ní New Benin tó máa ń dín owó kù fún ẹni tó bá fi káàdì hàn án. Kódà, wọ́n na káàdì yẹn sí oníbàtà. Oníbàtà béèrè pé kí ló kan bàtà kan ìwé, wọ́n ní, "Ṣé ẹsẹ̀ lásán ni kí n fi lọ kàwé ni?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó dín in kù. Káàdì tèmi ńkọ́? Inú àpótí ló wà, ó mọ́ tónítóní.

Wọ́n ní kí n mú un wá, wọ́n sì fà mí lọ sí ilé ìwòsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Dókítà ojú níbẹ̀ ní kí n ka àwọn lẹ́tà ara ògiri. Èyí tó tóbi jù nìkan ni mo rí kà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fún mi ní awò ojú, n kò sì san kọ́bọ̀. Mo gbé e wọ̀, mo wo Àǹtí, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi ni, "Hàà, Àǹtí, ẹ hu irùngbọ̀n!" Wọ́n gbá mi lórí, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹkún gbé mi. Èmi kì í ṣe olódo. Ojú ni. Ojú lásán ni! Níbikíbi tí Àǹtí bá wà lónìí, kí Ọlọ́run má fi ohun rere dù wọ́n.

Ilé ni wàhálà wà. Bàámi rí awò ojú náà, ojú wọn korò.

"Ọkùnrin wo ló rà á fún ẹ?"

"Kò sí ọkùnrin kankan, sà. Ọ̀fẹ́ ni. Ilé-ìwé ló fún mi."

"Ọ̀fẹ́! Dá a padà fún wọn lọ́la. Mi ò bí alágbe."

Inú bí mi débi pé ó kù díẹ̀ kí n sọ ohun tí màá kábàámọ̀. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mo bá dá awò náà padà, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n sọ pé mi ò gbọ́ ti Bàámi? Èmi kọ́. Mo gbé e sínú àpò, mo lọ rojọ́ fún Àǹtí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n tẹ̀lé mi dé ilé. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Bàámi dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Bàámi jọ̀ọ́, kí wọ́n bá àwọn mú ìwé tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n san owó ilé-ìwé mi. Bàámi mú un jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí fi ìka tọ́ ọ.

"Bàbá, ìtọ́jú ara rèé. Ilé ìkàwé rèé. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú owó tí ẹ san. Ẹnikẹ́ni kò ta ọmọ yín lọ́rẹ, sà. Ẹ̀yin lẹ ra awò yẹn."

Bàámi tẹjú mọ́ ìwé náà bí ẹni tó mọ̀wé. Wọ́n wá wò mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀ mí ni. Ta ní fẹ́ bẹ̀ ẹ́!

"Ṣé pé mo ti san owó gbogbo èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo wá ń wò? Èmi ń ru búlọ́ọ̀kù nínú oòrùn, ìwọ ń fi nǹkan mi sílẹ̀ fún wọn! Kí ló tún kù tí o kò tíì gbà?"

Àǹtí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọjọ́ yẹn ni mo fi lẹ́tà han Bàámi, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ àga fún wọn. Wọ́n ní, "Kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà yẹn dáadáa. Bí o bá kí wọn tán, lọ jókòó síwájú." Mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí àgbà kan tó bínú. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti délé, ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé mo dé ilé ìkàwé? Ṣé mo wọ bọ́ọ̀sì wọn? Olùkọ́ tó ní kí ẹni tí iṣẹ́ kò bá yé wá bá òun ní ọ́fíìsì, ṣé mo lọ? "Lọ! Mo ti san án!" Mo lọ. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin ni olùkọ́ náà fi tún kẹ́místìrì ṣàlàyé fún mi, kò bínú rárá.

Nígbà tí èsì jáde, Bàámi fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n bá mi lọ. Sìmẹ́ńtì ṣì wà lára ṣòkòtò wọn. Èrò pọ̀ níbi tí wọ́n lẹ èsì mọ́, ẹ̀yìn la sì dúró sí. Mo rí nọ́ńbà mi láti ibẹ̀. Mo ti yege. Mo kà á fún Bàámi. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n yíjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yí wa ká, àwọn ọmọ tí wọn kò mọ̀ rí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ṣé o. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣé gan-an ni."

Ọ̀kan nínú wọn fi Pidgin béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni àwọn ṣe fún Bàbá. Mo ní kó ṣáà dá wọn lóhùn pé kò tọ́pẹ́.